Ìwé mẹ́rin ni mo fẹ́ kó lọ bá nótárì lọ́jọ́ kan náà: kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ti gba àkókò lọ́wọ́ nótárì, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù àti ìwé, fún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìwé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì fẹ́ kí ó bá mi ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni ìwé agbára aṣojú tí mo fẹ́ fún àbúrò mi kí ó lè bá mi ta ilẹ̀ kan tí ó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Èkejì ni ìwé ìbúra tí yóò fi hàn pé èmi kan náà ni mo ń jẹ́ orúkọ méjèèjì tí ó wà lórí àwọn ìwé mi, ti ilé bàbá mi àti ti ilé ọkọ mi. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìyọ̀ǹda fún ọmọ mi tí yóò bá ẹ̀gbọ́n mi rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mi pẹ̀lú ti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mi, tí mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí pé wọ́n bá ojúlówó mu.

Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Ṣé kí n ti buwọ́ lù wọ́n kí n tó kúrò nílé, kí àkókò má baà lọ? Ṣé fọ́tòkọ́pì ni kí n mú dání ni, àbí ojúlówó? Ìṣòro mìíràn ni pé orúkọ ilé bàbá mi ni ó ṣì wà lórí páásípọ́ọ̀tù mi, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ mi ni wọ́n kọ sórí ìwé ilẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ìwé

Ẹ má buwọ́ lu ohunkóhun nílé. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ lọ bá nótárì ni pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni ó buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá gbé èyí tí ẹ ti buwọ́ lù lọ, ó ṣeé ṣe kí ó ní kí ẹ lọ tẹ òmíràn wá.

Lọ́yà Kékeré

Ìmọ̀ràn Ọmọ Ìwé kò léwu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ni òfin rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nótárì ń ṣe lórí ìwé tí a bá gbé wá. Nínú ọ̀kan, ẹni náà yóò fara hàn, yóò sì jẹ́wọ́ pé òun ni ó ni ìbuwọ́lù náà, àti pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láìsí ẹni tí ó fi ipá mú òun. Irú èyí ni ó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ìwé agbára aṣojú, kò sì pọn dandan níbi púpọ̀ pé kí ojú nótárì wà níbẹ̀ nígbà tí kálàmù kan ìwé. Nínú èkejì, ẹni náà yóò búra tàbí kí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òtítọ́ ni ohun tí òun kọ, lẹ́yìn náà ni yóò buwọ́ lù ú lójú nótárì. Ìwé ìbúra ni èyí, kò sì sí ọ̀nà àbùjá nínú rẹ̀.

Kí Àbẹ̀kẹ́ wo gbólóhùn tí ó wà lókè ibi tí nótárì yóò buwọ́ lù. Bí ó bá kà pé "a búra, a sì buwọ́ lù ú níwájú mi," kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé ọ̀hún. Bí ó bá kà pé "ó fara hàn, ó sì jẹ́wọ́," ọ̀rọ̀ dẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, èmi yóò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìbuwọ́lù, nítorí nótárì tí ó bá le kò ní gbọ́ àlàyé.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ọ́fíìsì nótárì ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń rí láti ẹ̀yìn tábìlì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí Àbẹ̀kẹ́ ṣe lónìí ni pé kí ó fi gbogbo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà kí ọjọ́ tó pé, kí ó sì sọ iye ènìyàn tí yóò buwọ́ lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé mẹ́rin túmọ̀ sí òǹtẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á sì fi bẹ́ẹ̀ ṣírò owó àti àkókò. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìbuwọ́lù kọ̀ọ̀kan tàbí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, tí yóò ní gbólóhùn ẹ̀rí tirẹ̀ àti ìlà tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ nótárì. Bí ọkọ àti aya bá jọ buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda kan, a lè kà á sí méjì. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ á dé, á sì bá a pé àkókò ìdajì wákàtí péré ni wọ́n pèsè fún un.

Èkejì, kí ẹ mọ irú nótárì tí ẹ fẹ́ lọ bá. Ní ilẹ̀ Faransé àti Jámánì, amòfin ni nótárì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń kọ ìwé pàtàkì. Ní Jámánì, wọ́n tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí yóò buwọ́ lù ú kí kálàmù tó kan án. Ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde nílé tí ó gbé e lọ síbẹ̀ fi takada ṣòfò ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn nótárì kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin kò sì gbà wọ́n láyè láti gbà yín nímọ̀ràn lórí ohun tí ìwé yín yẹ kí ó sọ. Bí ẹ bá bi í pé, "Ṣé ìbúra ni kí a ṣe ni, àbí ìjẹ́wọ́?" yóò dá yín lóhùn pé kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba ìwé náà. Kì í ṣe pé ó ń ṣe agídí. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.

Ẹ̀kẹta ni àlàfo. Mo ti rí ìwé tí a dá padà nítorí ìlà kan ṣoṣo tí wọn kò kọ nǹkan kan sí, níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà ilé wà. Nótárì kì í fẹ́ lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ẹlòmíràn lè kọ nǹkan kún lẹ́yìn tí a bá ti parí. Ibi tí kò bá kàn yín, ẹ fa ìlà sí i tàbí kí ẹ kọ "kò sí." Ibi tí ó jẹ́ ti ìbuwọ́lù àti ọjọ́ ni kí ẹ dá sí. Ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ewé, bíi "ojú ewé 2 nínú 5," kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ewé tí ó kẹ́yìn, nítorí èdìdì kò gbọdọ̀ gun orí ọ̀rọ̀. Bí àyè kò bá sí, nótárì yóò ní láti so ewé mìíràn mọ́ ọn, àwọn ọ́fíìsì kan sì máa ń fi ojú ìfura wo ewé tí a so mọ́ ìwé.

Ní ti ẹ̀dà, ojúlówó ni kí ẹ kó lọ.

Ọmọ Ìwé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí ó bá ti ṣe fọ́tòkọ́pì sílẹ̀, iṣẹ́ á yá ju kí ó dúró síbẹ̀ máa wá ẹ̀rọ. Ṣé kò tó kí nótárì fi ẹ̀dà wé ojúlówó ni?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Ó tó fún àwọn kan. Àwọn mìíràn kì í gba ẹ̀dà tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láti ara ojúlówó, nítorí ó rọrùn láti pààrọ̀ ewé kan láàárín ìwé ogún ewé. Ẹ mú ojúlówó àti fọ́tòkọ́pì dání, èyí tí ó bá fẹ́ ni kí ó lò.

Ìbéèrè tí ó ga jù ni bóyá nótárì láṣẹ láti jẹ́rìí sí ẹ̀dà rárá. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ikú jẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba, ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni a sì ti ń gba ẹ̀dà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, nótárì lè jẹ́rìí sí ẹ̀dà ìwé àdáni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkọsílẹ̀ ìjọba. Ní California, ìwé agbára aṣojú nìkan ni ó sábà láṣẹ láti jẹ́rìí sí ẹ̀dà rẹ̀ fún oníbàárà. Bẹ́ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wà tí nótárì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Nítorí náà, kí Àbẹ̀kẹ́ yọ ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kúrò nínú ẹrù ọjọ́ yẹn, kí ó kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tuntun láti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ tààrà, nítorí àwọn tí ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ ìyẹn ju òǹtẹ̀ nótárì lọ.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àbẹ̀kẹ́, ìwé ìbúra nípa orúkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Bí nótárì bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn tán, ẹ lè fi òun náà ti àwọn ìwé yòókù lẹ́yìn, ẹ ó sì máa buwọ́ lù wọ́n pẹ̀lú orúkọ ilé ọkọ yín láìsí wàhálà.

Lọ́yà Kékeré

Ìyá, ẹ má bínú, n kò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ yẹn. Ìwé ìbúra jẹ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀; òǹtẹ̀ nótárì kò sọ ọ́ di òtítọ́, ó kàn ń fi hàn pé ó búra ni. Nótárì kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà dá oníbàárà náà mọ̀. Ohun tí yóò fi dá a mọ̀ ni páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ilé bàbá ni ó sì wà níbẹ̀. Ìwé tí ó so orúkọ méjèèjì pọ̀ ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, nítorí ìjọba ni ó fún un, òun ni kí ó sì mú ojúlówó rẹ̀ dání.

Bí mo bá fẹ́ kọ ìwé agbára aṣojú náà, orúkọ tí ó wà lórí páásípọ́ọ̀tù ni n ó fi ṣíwájú, n ó wá fi kún un pé "tí a tún mọ̀ sí," kí n tó kọ orúkọ tí ó wà lórí ìwé ilẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà bí ó ṣe wà níbẹ̀. Bí ìwé ilẹ̀ bá gé orúkọ àárín kù sí lẹ́tà kan, kí òun náà gé e bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbúra wúlò, kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ilẹ̀ ni yóò lò ó fún, kì í ṣe nótárì.

Nígbà tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìwé agbára aṣojú, kí Àbẹ̀kẹ́ tún wo inú rẹ̀ dáadáa. "Kí ó máa bójú tó gbogbo ọ̀rọ̀ mi" kò tó láti fi ta ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kí ìwé náà sọ ọ́ kedere pé àbúrò láṣẹ láti tà, láti buwọ́ lu ìwé ìtajà, bóyá ó láṣẹ láti gba owó tàbí kò ní, àti ibi tí owó náà yóò gbà wọlé. Kí ó ṣàpèjúwe ilẹ̀ náà bí ó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe "ilẹ̀ mi tí ó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn." Kí ó sì fi ọjọ́ tí agbára náà yóò parí sí i. Èyí kì í ṣe àìfọkàntán ọmọ ìyá ẹni o. Ẹni tí ń ra ilẹ̀ náà gan-an yóò fẹ́ mọ̀ bóyá agbára náà ṣì wà láàyè.

Ìyá Ìbejì

Ó yé mi. Ibi tí mo ti ṣe tèmi, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé wọ́n wo ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi pẹ̀lú. Kí Àbẹ̀kẹ́ tún wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò parí. Àwọn kan kì í gba èyí tí ó ti kọjá ọjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni ó kọjá.

Arìnrìn-àjò

Lórí ìwé ìyọ̀ǹda ọmọ: ta ni yóò buwọ́ lù ú? N kò rí orúkọ bàbá ọmọ nínú àlàyé yín. Bí àwọn òbí méjèèjì bá ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ, àwọn méjèèjì ni àwọn aṣọ́bodè sábà máa ń retí ìbuwọ́lù wọn. Bí bàbá kò bá lè wá lọ́jọ́ náà, kí ó ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ nótárì mìíràn. Ìwé méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu ṣàǹfààní ju ìwé kan tí ìbuwọ́lù rẹ̀ kò pé lọ. Bí ó bá ti di olóògbé, ìwé ẹ̀rí ikú ni kí ẹ fi sí i. Bí ilé-ẹjọ́ bá ti fi ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú ẹnì kan nínú yín, ìwé ìdájọ́ náà ni.

Kí ó kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n àti nọ́ńbà tirẹ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ àlọ àti àbọ̀, àti nọ́ńbà fóònù tí a lè pè lóru. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n lè fọwọ́ sí ìtọ́jú ọmọ ní ilé ìwòsàn, ẹ kọ ọ́ sí i. Kò sí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń lò, nítorí náà ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ọmọ ń lọ ni kí ẹ ti béèrè èyí tí wọ́n fẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Bàbá ọmọ wà nílé, yóò tẹ̀lé mi lọ, mo sì ti pe ọ́fíìsì náà láti sọ fún wọn pé àwa méjì ni. Wọ́n ní kí n fi àwọn ìwé ránṣẹ́ bí Akọ̀wé Fẹ̀yìntì ṣe sọ. Èdè tí wọ́n ń sọ níbi tí ilẹ̀ wà yàtọ̀ sí èdè tí mo fi kọ ìwé agbára aṣojú. Ṣé kí n ti wá ògbufọ̀ kí n tó lọ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Bàbá Ògbufọ̀

Iṣẹ́ mi rèé, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń náwó lẹ́ẹ̀mejì sì nìyí.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ bóyá ìwé náà nílò apostille. Àdéhùn Hague ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1961 ni ó dá a sílẹ̀: ìwé ẹ̀rí kan ni tí ìjọba orílẹ̀-èdè tí nótárì wà máa ń fi mọ́ ìwé, láti sọ pé ìbuwọ́lù àti èdìdì nótárì yìí kì í ṣe ayédèrú. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá ohun tí ó wà nínú ìwé jẹ́ òtítọ́. Bí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá wà nínú àdéhùn náà, òun nìkan ti tó. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, ìwé yóò ní láti gba ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọjá, kí ó tó dé ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹnì kan sọ fún yín ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè ṣì ń wọlé: ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣáínà, ti Kánádà sì jẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 2024.

Ní ti ìtúmọ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n gbé e wá. Bí mo bá túmọ̀ ìwé kí nótárì tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara òǹtẹ̀, gbólóhùn ẹ̀rí àti apostille kò ní sí nínú ìtúmọ̀ mi, ọ́fíìsì tí yóò gbà á á sì ní kí ẹ lọ parí rẹ̀. Bákan náà, àwọn orílẹ̀-èdè kan kì í gba ìtúmọ̀ àfi ti ògbufọ̀ tí ilé-ẹjọ́ tiwọn ti búra fún. Bó ti wù kí ti ìhín dára tó, kò wúlò lọ́hùn-ún.

Arìnrìn-àjò

Ẹ jẹ́ kí n yàtọ̀ sí Bàbá Ògbufọ̀ díẹ̀. Èyí tí mo lò fún ọ̀rọ̀ ilé jẹ́ ìwé elédè méjì, tí a pín ojú ewé sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, èdè kan ní apá kan. Agbẹjọ́rò ọ̀hún ni ó kọ ọ́ ránṣẹ́. Kò sí ìtúmọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Ògbufọ̀

Òótọ́ ni, ó sì dára bí agbẹjọ́rò ọ̀hún bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà sọ èdè tí a ó tẹ̀ lé bí méjèèjì bá takora. Kí Àbẹ̀kẹ́ sì béèrè lọ́wọ́ nótárì tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn kan kì í lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí wọn kò lè kà. Bó ti wù kó rí, kí agbẹjọ́rò tàbí ọ́fíìsì ilẹ̀ ọ̀hún rí àkọsílẹ̀ náà, kí ó sì ní "ó dára" kí ẹnikẹ́ni tó mú kálàmù.

Ọmọ Ìwé

Ṣé kò lè ṣe gbogbo èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni? Mo gbọ́ pé nótárì orí kámẹ́rà ti wà báyìí.

Lọ́yà Kékeré

Ó wà. Ìpínlẹ̀ Virginia ni ó kọ́kọ́ gbà á láyè ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti tẹ̀ lé e. Fún ìwé ilẹ̀ tí ń lọ sí òkè òkun, n kò ní gbà á nímọ̀ràn, àfi bí ọ́fíìsì ọ̀hún bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò gbà á.

Ohun kan tí a kò tíì sọ ni ẹlẹ́rìí. Àwọn ibì kan ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì fún ìwé agbára aṣojú yàtọ̀ sí nótárì. Àbúrò tí a fún ní agbára kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì dára kí ó má jẹ́ ọkọ tàbí ẹni tí yóò jèrè nínú owó ilẹ̀ náà. Kí àwọn ẹlẹ́rìí mú káàdì ìdánimọ̀ tiwọn dání, nítorí ọ́fíìsì púpọ̀ kì í yá ènìyàn ní ẹlẹ́rìí.

Ìyá Ìbejì

Kálàmù aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ fi buwọ́ lù ú o, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe fọ́tòkọ́pì.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì

Búlúù dára, ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kan dúdú ni wọ́n ń fẹ́, nítorí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìwé. Kí ó mú méjèèjì dání, kí ó béèrè.

Bí ẹ bá ti gba ìwé tán, ẹ kà á kí ẹ tó dìde lórí àga: ọjọ́, orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, orúkọ ìlú tí ẹ ti buwọ́ lù ú, àti bóyá èdìdì hàn dáadáa. Àṣìṣe tí a bá rí níbẹ̀, nótárì lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Èyí tí a bá rí nílé, ẹ ó tún padà wá fara hàn ni. Fún ìwé agbára aṣojú, ẹ buwọ́ lu ju ẹyọ kan lọ bí wọ́n bá gbà, nítorí báńkì lè gba ọ̀kan kí ó má dá a padà, kí ọ́fíìsì ilẹ̀ sì tún béèrè ojúlówó. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe yọ píìnì tàbí okùn tí nótárì fi so àwọn ewé pọ̀. Ẹ ká ewé náà sẹ́yìn bí ó ṣe wà. Ojú ihò píìnì tí a ti yọ tí a tún fi padà máa ń hàn, ẹni tí ń yẹ ìwé wò sì lè sọ pé a ti pààrọ̀ ewé kan.